Fujii Kaze: Olórin Jàpáànù fi Gẹ̀ẹ́sì kọ gbogbo àwo tuntun rẹ̀, inú àwọn olólùfẹ́ kan dùn, àwọn kan ní àwọn ń wá ohùn ilé

Orin 9 ló wà nínú 'Prema', àwo orin tí Fujii Kaze, gbajúgbajà olórin ilẹ̀ Jàpáànù, gbé jáde ní ọjọ́ 5, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2025. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó fi èdè abínibí rẹ̀ kọ. Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ wọ́n.

Orin tó fi èdè Jàpáànù kọ ló sọ ọ́ di ẹni tí ayé mọ̀. Àwọn ará Thailand àti Indonesia tí kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìdí nìyẹn tí ìgbésẹ̀ tuntun yìí fi ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu. Láti ìgbà tí 'Prema' ti jáde, ìbéèrè kan ló wà láàárín àwọn olólùfẹ́ rẹ̀: ṣé ọmọ wa jáde lọ fi ara han ayé ni, àbí ọmọ wa ti kó kúrò nílé?

Ìbéèrè ọ̀hún kì í ṣe ti Jàpáànù nìkan. Ẹnikẹ́ni tó bá ti rí olórin tó fi èdè ìyá rẹ̀ gba òkìkí, tó wá yí èdè padà nígbà tí òkìkí dé, yóò mọ ibi tí bàtà ti ń ta àwọn tó ń ṣe àríyànjiyàn yìí lẹ́sẹ̀.

Ta ni Fujii Kaze?

Ọjọ́ 14, oṣù Kẹfà, ọdún 1997 ni wọ́n bí i. Ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Satosho, ní ìpínlẹ̀ Okayama ní ìwọ̀-oòrùn Jàpáànù, ló ti dàgbà. Àwọn òbí rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kọfí níbẹ̀, òun sì ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọ mẹ́rin. Fujii ni orúkọ ìdílé. Kaze ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni afẹ́fẹ́.

Bàbá rẹ̀ ló mú un jókòó sí ìdí píánò. Ọmọ ọdún 12 ni nígbà tí fídíò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lórí YouTube, tó ń fi píánò lu orin àwọn ẹlòmíì, orin ilé àti ti òkè òkun pọ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n ti ń wò ó láti ìgbà náà. Ojú wọn ni ohùn rẹ̀ ṣe yí padà, ojú wọn ló ṣe di géńdé. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá kọ́ àwọn ní ẹni tí Kaze jẹ́.

Ní ìparí ọdún 2019 ló jáde gẹ́gẹ́ bí olórin gidi. Orin tó fi bẹ̀rẹ̀, 'Nan-Nan', àti èyí tó tẹ̀lé e, 'Mo-Eh-Wa', kò dà bí orin àwọn ọmọ Tokyo rárá. Ẹ̀ka èdè Okayama ló kún inú wọn. Nínú 'Nan-Nan', olórin náà ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ tí ewé inú òkun há sí eyín rẹ̀ tí kò sì mọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ ni lójú kíkà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ nípa bí èèyàn kì í ṣe rí àléébù ara rẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ tó lò fún 'há' pàápàá jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn ará ilé rẹ̀. Ọmọ Tokyo lè nílò ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀ fún un.

Àwo rẹ̀ àkọ́kọ́, 'Help Ever Hurt Never', jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020. Èkejì, 'Love All Serve All', jáde ní oṣù Kẹta ọdún 2022. Orúkọ àwo méjèèjì jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n èdè Jàpáànù ló fi kọ àwọn orin inú wọn.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, nígbà tí àrùn Kòrónà kò jẹ́ kí èèyàn pé jọ, ó gbé píánò sí àárín pápá ìṣeré Nissan ní Yokohama, níbi tí nǹkan bí ẹgbẹ̀rún 70 èèyàn lè jókòó sí. Kò sí ẹnì kankan lórí ìjókòó. Òun nìkan ló kọrin, gbogbo ayé sì wò ó lọ́fẹ̀ẹ́ lórí YouTube. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, ó padà sí pápá kan náà, ó ṣeré níbẹ̀ fún ọjọ́ méjì, àwọn èèyàn sì wà lórí ìjókòó lọ́tẹ̀ yìí. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ máa ń fi ọjọ́ méjèèjì yìí wéra nígbà tí wọ́n bá fẹ́ sọ bí wọ́n ti jìnnà tó pẹ̀lú rẹ̀.

Orin kan tó gun òkè fúnra rẹ̀

Kò sí bí èèyàn ṣe lè lóye àríyànjiyàn tó wà lórí 'Prema' láì kọ́kọ́ mọ ìtàn 'Shinunoga E-Wa'.

Inú àwo ọdún 2020 ni orin náà wà. Wọn kò gbé e jáde lóun nìkan, wọn kò sì fi ṣe ìpolówó. Ó kàn wà láàárín àwọn tó kù ni. Ní ọdún 2022, lẹ́yìn ọdún méjì, àwọn ọ̀dọ́ ní Thailand bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó lórí TikTok. Láti ibẹ̀, ó ràn dé àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ní Éṣíà, ó kọjá sí Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Nígbà tó fi máa di alẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún náà, òun ni Kaze kọ níbi Kohaku, ètò orin ìparí ọdún ti iléeṣẹ́ amóhùnmáwòrán NHK, tí àwọn ìdílé Jàpáànù ti ń jókòó tì láti ọdún 1951.

Orúkọ orin náà túmọ̀ sí nǹkan bíi 'ó sàn kí n kú', ìyẹn dípò kí n pàdánù ẹni tí mo fẹ́. Ọ̀rọ̀ 'E' tó wà níbẹ̀, tó túmọ̀ sí 'ó dára' tàbí 'ó sàn', jẹ́ ohùn àwọn ará ìwọ̀-oòrùn Jàpáànù. 'Ii' ni ará Tokyo máa pè é. Bákan náà ni orin náà fa ọ̀rọ̀ yọ láti inú ìbúra àwọn ọmọdé Jàpáànù, tí wọ́n máa ń fi ọmọ ìka tó kéré jù kọ́ ara wọn, tí wọ́n á sì ní ẹni tó bá purọ́ yóò gbé abẹ́rẹ́ ẹgbẹ̀rún mì.

Orin tó kún fún ọ̀rọ̀ ilé báyìí ló gun òkè fúnra rẹ̀ tó sì dé ibi tí ẹnikẹ́ni kò rò. Àwọn tí inú wọn kò dùn sí 'Prema' kì í pẹ́ mú un jáde: bí ayé bá lè tẹ̀lé e nígbà tó ń sọ èdè Okayama, kí ló wá dé tó fi ní láti sọ Gẹ̀ẹ́sì kó tó di ẹni ayé?

Kí ló wà nínú 'Prema'?

Láàárín àwo kejì àti 'Prema', nǹkan yí padà fún olórin náà. Ní ọdún 2023, ó lọ káàkiri Éṣíà, ó kọrin ní ìlú bíi Seoul, Bangkok àti Jakarta. Lẹ́yìn náà ló tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú Republic Records ní Amẹ́ríkà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 2025, ó wà lára àwọn tó kọrin níbi àjọ̀dún orin Lollapalooza ní Chicago.

Ọ̀kan lára àwọn tó bá a to ìlù inú àwo náà ni ará Kòríà tó ń jẹ́ 250, ẹni tó lọ́wọ́ nínú àwọn orin tó gbé ẹgbẹ́ NewJeans jáde. Ó hàn nínú iṣẹ́ náà. Ìlù rẹ̀ mọ́, kò kún jù, báàsì rẹ̀ ń rìn bí ẹni tó mọ ibi tó ń lọ. Ìró orin Amẹ́ríkà láti àwọn ọdún 1980 sí 1990 ló wà nínú àwo náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

'Casket Girl' ló ṣí i. 'I Need U Back' ni ti àwọn tó fẹ́ jó, ẹni tó bá dàgbà pẹ̀lú orin Michael Jackson yóò mọ ibi tí Kaze ti lọ kọ́ṣẹ́. 'Hachikō', tó jáde ṣáájú àwo náà, ní ìlù ilé ijó tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ dúró. 'Love Like This' rọra ń lọ bí ọkọ̀ lẹ́bàá òkun nírọ̀lẹ́. 'Prema', orin tó fún àwo náà lórúkọ, wà ní àárín gbùngbùn, ibẹ̀ sì ni olórin náà ti gbẹ́nu sókè jù. Lẹ́yìn èyí ni gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀: 'It Ain't Over', 'You', 'Okay, Goodbye', títí dé 'Forever Young' tó kádìí rẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ ti fohùn ṣọ̀kan ni pé ohùn rẹ̀ kò tíì dára tó báyìí rí. Ohùn náà jinlẹ̀ sí i, kò kánjú, ó sì mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́. 'It Ain't Over' ni ọ̀pọ̀ ń tọ́ka sí. Orin nípa ẹni tó lọ ni, tí ẹni tó kù gbà pé ìyapa náà kì í ṣe òpin. Ẹni tó bá ti sin òkú rí kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ rẹ̀ fún un.

Nǹkan kan tún wà tí àwọn olólùfẹ́ àtijọ́ kíyè sí. Àwọn orin tó gbé jáde lẹ́yìn àwo kejì, bíi 'Workin' Hard' àti 'Hana' ti ọdún 2023 àti 'Michi Teyu Ku' ti ọdún 2024, kò sí láàárín orin 9 náà. 'Hana' àti 'Michi Teyu Ku' wà lára orin tí wọ́n fẹ́ràn jù, èdè Jàpáànù ló sì fi kọ wọ́n. Ó dà bí ẹni tó to ilé tuntun tí kò kó àga àtijọ́ kankan wọ ibẹ̀.

'Ohùn ilé ni à ń wá'

Ẹjọ́ àwọn tí ọkàn wọn kò balẹ̀ kì í ṣe pé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò dán. Ó dán. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé èdè kì í ṣe aṣọ tí èèyàn kàn lè bọ́ kó sì gbé òmíràn wọ̀, kí ara rẹ̀ má yàtọ̀.

Ẹ mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹ̀ wò: 'èmi'. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kan ṣoṣo ló wà. Nínú èdè Jàpáànù, wọ́n pọ̀. 'Watashi' ni ti ẹni tó fẹ́ bọ̀wọ̀. 'Boku' ni ti ọmọkùnrin tó rọra. 'Ore' ni ti ọkùnrin tó ń na àyà. 'Washi' ni ti bàbá arúgbó, tàbí ti ará ìwọ̀-oòrùn tí kò fi ilé pamọ́. Kí olórin tó sọ gbólóhùn kan tán, ẹni tó ń gbọ́ ọ ti mọ irú ẹni tó pe ara rẹ̀ lónìí. Kaze máa ń fi èyí ṣeré nínú orin rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tó rẹwà tó ń sọ̀rọ̀ bí bàbá àgbà abúlé. Ẹ̀rín àti ìfẹ́ ló máa ń fà. Nínú 'Prema', 'I' ni gbogbo wọn.

Òǹkàwé Yorùbá kò ní pẹ́ lóye èyí, nítorí 'o' àti 'ẹ' ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà nílẹ̀ Yorùbá. Orin ìfẹ́ tí ọkùnrin ti ń sọ pé 'mo fẹ́ràn rẹ' àti èyí tó ti ń sọ pé 'mo fẹ́ràn yín' kì í ṣe orin kan náà. Bí èèyàn bá túmọ̀ méjèèjì sí Gẹ̀ẹ́sì, ìyàtọ̀ náà ti sọnù.

Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó máa ń parí gbólóhùn tún wà níbẹ̀. Èdè Jàpáànù ní 'wa', 'yo' àti 'ne', bí Yorùbá ṣe ní 'o', 'kẹ̀' àti 'ṣá'. Wọn kò ní ìtumọ̀ kan pàtó, ṣùgbọ́n inú wọn ni ìṣesí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ wà. 'Ó ti tó' yàtọ̀ sí 'ó ti tó o', bẹ́ẹ̀ ni kò jọ 'ó ti tó ṣá'. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ló parí 'Mo-Eh-Wa' àti 'Shinunoga E-Wa'. Gẹ̀ẹ́sì kò ní ibi tí yóò fi wọ́n sí.

Nítorí náà, lójú àwọn wọ̀nyí, orin inú 'Prema' dùn, ṣùgbọ́n ẹlòmíì lè kọ ọ́. Wọ́n ní kò sí ẹlòmíì tó lè kọ 'Nan-Nan'. Ẹjọ́ wọn kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì rọrùn láti dá wọn lẹ́bi.

'Gẹ̀ẹ́sì kò ṣàjèjì sí i'

Àwọn tó wà lápá kejì ní ìdáhùn tiwọn. Èkíní, wọ́n ní àwọn tó ń sunkún èdè kò wo ibi tí ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀. Nínú fídíò YouTube ìgbà èwe rẹ̀, orin Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀ dáadáa. Nígbà tó gbé àwo àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 2020, àwo kejì tó bá a rìn, 'Help Ever Hurt Cover', jẹ́ àkójọ orin àwọn olórin òkè òkun tó tún kọ, Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá ń sọ pé Republic Records ló fi Gẹ̀ẹ́sì sí i lẹ́nu kò mọ ìtàn rẹ̀.

Èkejì, wọ́n ní bí olórin bá fẹ́ bá àwọn tó ti ń tẹ̀lé e ní Bangkok, Jakarta àti São Paulo sọ̀rọ̀ láìsí ògbufọ̀, kò ṣẹ̀ ẹnì kankan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń ka ìtumọ̀ orin rẹ̀ láti ọwọ́ ẹlòmíì fún ọdún mẹ́ta. Fún ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n gbọ́ ọ tààrà. Ọmọ Thailand tó sọ 'Shinunoga E-Wa' di ohun tí ayé mọ̀ kò ha ní ẹ̀tọ́ sí orin tirẹ̀ bí?

Ẹ̀kẹta ló wúwo jù. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ inú 'Prema' rọrùn, ó sì yẹ kó rọrùn. Ìfẹ́, ikú, ìdágbére, ìdáríjì: àwọn nǹkan tí àwo náà dá lé nìyí. Ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè ìyá rẹ̀ kì í fi í ṣe àṣehàn. Ó máa ń sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni, kó sì dákẹ́. Wọ́n ní ibi tí àwọn kan ti rí òṣì èdè, ìhòòhò ọkàn ni àwọn rí níbẹ̀.

Ajá tó dúró ní Shibuya

Orin tí tọ̀tún-tòsì gbà pé ó yọrí jù ni 'Hachikō'. Kò sì ṣàdédé rí bẹ́ẹ̀, nítorí òun ni Jàpáànù fara hàn nínú rẹ̀ jù.

Gbogbo ọmọ Jàpáànù ló mọ Hachiko. Ajá ni, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Akita. Olówó rẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ueno Hidesaburo ti Yunifásítì ìjọba ní Tokyo. Ajá náà a máa lọ pàdé rẹ̀ ní ibùdókọ̀ ojú irin Shibuya ní ìrọ̀lẹ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1925, ọ̀jọ̀gbọ́n náà kú lójijì níbi iṣẹ́. Hachiko kò mọ̀. Ó ń lọ sí ibùdókọ̀ náà fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, títí tí òun náà fi kú ní ọjọ́ 8, oṣù Kẹta, ọdún 1935. Wọ́n ti gbẹ́ ère rẹ̀ síbẹ̀ ní ọdún 1934, kó tó kú. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n yọ́ ère náà nítorí irin, wọ́n sì ṣe òmíràn ní ọdún 1948. Ibẹ̀ ni àwọn ará Tokyo ti ń pàdé ara wọn títí di òní.

Ìtàn ìbànújẹ́ ni, ṣùgbọ́n orin ijó ni Kaze fi ṣe. Dípò kó sunkún lórí ajá tó dúró, ó pè é pé kó wá ká jọ máa lọ. Ọgbọ́n kan wà níbẹ̀ tí àwọn olólùfẹ́ àtijọ́ pàápàá kò lè sẹ́: ó gbé ohun tó jẹ́ ti ilé pátápátá, ó sì fi èdè àlejò sọ ọ́ lọ́nà tí kò fi sọ ilé nù. Bí orin 9 bá rí báyìí ni, bóyá ìjà kì bá tí sí.

Àwọn aláwàdà láàárín wọn tilẹ̀ ń pe ara wọn ní Hachiko: àwọn ló dúró sí ibùdókọ̀, tí wọ́n ń retí ẹni tó wọ ọkọ̀ lọ sí Amẹ́ríkà.

Kaze kọ́ ló kọ́kọ́ rin ọ̀nà yìí

Jàpáànù ti rí irú èyí rí. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1963, Sakamoto Kyu gba ipò kìíní lórí àtẹ Billboard ní Amẹ́ríkà, ó sì wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Èdè Jàpáànù ló fi kọrin náà, kò yí ọ̀rọ̀ kan padà. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni wọ́n yí. Nítorí pé orúkọ rẹ̀ gidi, 'Ue o Muite Aruko', ṣòro fún àwọn aláwọ̀ funfun láti pè, wọ́n sọ ọ́ ní 'Sukiyaki', ìyẹn oúnjẹ ẹran màlúù tí kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú orin náà. Bí ìgbà tí wọ́n bá sọ orin ẹni tó ń pa ẹkún mọ́ra ní 'Ọbẹ̀ Ẹ̀gúsí' ni.

Ní ọdún 1979, àwọn ọmọbìnrin méjì tí wọ́n ń pè ní Pink Lady fi Gẹ̀ẹ́sì kọ 'Kiss in the Dark', wọ́n sì dé ipò 37 lórí àtẹ kan náà. Àmọ́ òkìkí náà kò tọ́jọ́ ní Amẹ́ríkà.

Èyí tó jọ ti Kaze jù ni ti Utada Hikaru. New York ni wọ́n bí i sí, Gẹ̀ẹ́sì sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Àwo rẹ̀ 'First Love' ti ọdún 1999 ni àwo tó tà jù nínú ìtàn orin Jàpáànù títí di òní. Ní ọdún 2004, nígbà tí iná rẹ̀ ń jó jù, ó gbé 'Exodus' jáde ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó tà nílé, ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà kò fi bẹ́ẹ̀ yíjú sí i. Utada padà sí èdè Jàpáànù. Nígbà tó fi máa di ọdún 2022, tó gbé 'Bad Mode' jáde, ó ti ń da èdè méjèèjì pọ̀ nínú àwo kan náà, ọ̀pọ̀ sì ka àwo yẹn mọ́ èyí tó dára jù nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ni pé ilẹ̀kùn náà kì í ṣe àlọọ̀lọ. Ẹni tó jáde lè padà wọlé, kó sì mú nǹkan dání bọ̀.

Ayé tí Kaze bọ́ sí náà yàtọ̀ sí ti ọdún 2004. Ní ọdún 2023, ẹgbẹ́ YOASOBI fi orin 'Idol', tó wà fún eré àwòrán 'Oshi no Ko', gba ipò kìíní lórí àtẹ Billboard ti gbogbo àgbáyé tí wọ́n yọ Amẹ́ríkà kúrò nínú rẹ̀. Èdè Jàpáànù ló gbé e débẹ̀. Ẹ̀rọ ayélujára ti mú kí ó ṣeé ṣe láti dúró nílé kí ayé sì wá bá èèyàn níbẹ̀. Èyí gan-an ló mú kí ìpinnu Kaze dun àwọn kan: kò sí ẹni tó fi dandan mú un.

Ọ̀rọ̀ tí ilẹ̀ Yorùbá náà mọ̀

Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ti dáhùn ìbéèrè yìí lóríṣìíríṣìí. Nígbà tí King Sunny Adé gbé 'Juju Music' jáde lábẹ́ Island Records ní ọdún 1982, Yorùbá ló fi kọrin fún àwọn òyìnbó, wọ́n sì jó sí i. Fela ní tirẹ̀ kọ èdè Yorùbá sílẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ orin rẹ̀, ó mú pidgin, kí ará Ghana àti ará Liberia lè gbọ́ ohun tó ń bá ìjọba jà lé lórí. Kò sí ẹni tó lè sọ pé Fela sá kúrò nílé. Angélique Kidjo láti orílẹ̀-èdè Benin ti gba ọ̀pọ̀ àmì ẹ̀yẹ Grammy láì fi Yorùbá àti Fon sílẹ̀. Ní ọdún 2022, Asake fi 'Mr. Money With The Vibe' hàn pé ọmọ Èkó lè fi Yorùbá tó kún fún àdúgbò kọrin kó sì dé ìlú London.

Ohun tó so gbogbo wọn pọ̀ ni pé èdè tí oníkálukú mú ní iṣẹ́ tó fẹ́ fi ṣe. Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ ń lò fún 'Prema' nìyẹn: kí ni Kaze fẹ́ fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe?

Ìfẹ́ tí kò ní ààlà

Bóyá orúkọ àwo náà ni ìdáhùn. 'Prema' kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì, kì í sì í ṣe èdè Jàpáànù. Sanskrit ni, èdè àtijọ́ ilẹ̀ Íńdíà, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ìfẹ́ tó ga jù lọ, ìfẹ́ tí kò béèrè ohunkóhun padà.

Èyí náà kò ṣàì fa awuyewuye. Orúkọ àwo méjì tó ṣáájú jẹ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn mọ̀ mọ́ ẹ̀kọ́ Sathya Sai Baba, olùkọ́ ẹ̀mí ará Íńdíà tó kú ní ọdún 2011. Láti ọdún 2022 ni àwọn kan ní Jàpáànù ti ń sọ pé ó yẹ kí olórin náà ti jẹ́ kí àwọn mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá kí àwọn tó kọ ọ́ sí àyà aṣọ. Àwọn mìíràn ní ohun tí olórin gbà gbọ́ kò kan ẹni tó fẹ́ràn orin rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí kò ti fi ipá mú ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n tí èèyàn bá gba orúkọ náà bó ṣe rí, èdè tó lò bá a mu. Ẹni tó ní ìfẹ́ òun kò ní ààlà, tó sì fẹ́ sọ ọ́ fún ẹni tó pọ̀ jù lọ lẹ́ẹ̀kan náà, yóò wá èdè tí ẹni tó pọ̀ jù lọ ń gbọ́. Bí iye tó jèrè níbẹ̀ bá ju iye tó pàdánù lọ, ẹni tó gbọ́ ọ ni yóò wọ̀n ọ́n.

Kí ló kù báyìí?

Lẹ́yìn gbogbo ariwo, ohun tí ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ ń sọ jọra ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Àwọn tó fẹ́ràn àwo náà gbà pé 'Hachikō', 'It Ain't Over' àti 'Prema' yóò pẹ́ láyé ju àwọn orin tó kù inú rẹ̀ lọ. Àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ gbà pé olórin náà ti mọ iṣẹ́ rẹ̀ sí i. Kò sí ẹni tó ní òun kò ní gbọ́ àwo tó ń bọ̀.

Ohun tí wọ́n ń retí níbẹ̀ kì í ṣe pé kó gbàgbé Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n fẹ́ kó ṣe bí Utada ṣe ṣe nígbẹ̀yìn, kó mú ohun tó kọ́ lọ́nà jíjìn wá sílé, kí ọmọ Satosho lè tún fi ohùn bàbá àgbà Okayama bú ẹni tí ewé òkun há sí léyín, kí ọmọ Bangkok sì tún gbé e kọ láì mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ó ti ṣeé ṣe rí lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò retí rẹ̀.